Ẹni Kẹẹ̀ẹ́dógún Lórí Yìnyín

Nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe fún màmá mi lórí fóònù, wọ́n dákẹ́ títí tí mo fi rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti já. Ìgbà tó yá ni wọ́n ní, "Tún un sọ."

Mo ní, "Màmá, omi ni mò ń dà sílẹ̀. Omi yẹn á dì, á di yìnyín. Àwọn ọmọ á wá máa sáré lórí rẹ̀."

"Wọ́n sì ń sanwó fún ọ?"

"Wọ́n ń san án, mà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Mo gbọ́ tí wọ́n ń pe àbúrò mi láti ẹ̀yìnkùlé: "Wá gbọ́ o! Omi ni ẹ̀gbọ́n rẹ lọ ń dà sílẹ̀ ní Ítálì!" Mi ò bínú sí wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún èmi náà ní Ògbómọ̀ṣọ́ pé orí yìnyín ni mo ti máa rí oúnjẹ jẹ, mà á ní kí wọ́n tètè gbé onítọ̀hún lọ sílé ìwòsàn.

Kì í ṣe yìnyín ni mo kọ́kọ́ bá pàdé. Èso ni. Ní Cuneo, ọkọ mi àti èmi jọ ń to èso sínú páálí, láti àárọ̀ títí a ò fi ní mọ ìka ọwọ́ wa lára mọ́. Òtútù ń pa wá, àmọ́ òtútù kọ́ ló yà mí lẹ́nu. Àìkíni ni. Mo máa ń bá obìnrin kan pàdé lórí àtẹ̀gùn ilé wa láràárọ̀. Mà á ní "Buongiorno, signora," mà á dúró kí n lè béèrè ilé, kí n béèrè ọmọ, kí n béèrè bí oorun ṣe rí. Signora á ti wọlé, á ti tilẹ̀kùn. Èmi nìkan á dúró sórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú ẹnu tí mo ti là sílẹ̀. Ó tó oṣù mẹ́ta kí n tó yé dúró.

Ní Cuneo níbẹ̀ ni ọkọ mi ti kú. Àìsàn ni, kò sì pẹ́ rárá. Ọmọ wa kan ṣoṣo, Tófúnmi, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà náà. Ọmọ tó máa ń da ilé rú tẹ́lẹ̀, ó pa ẹnu dé. Bí mo bá bi í ní nǹkan, á ní "Sì." Á ní "No." Bó bá fẹ́ ṣe mí lóore, á ní "Niente, mamma," pé kò sí nǹkan kan. Olùkọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ pè mí pé ọmọ mi kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì. Mo ní èmi náà ń wá ohùn rẹ̀, bí wọ́n bá rí i kí wọ́n bá mi mú un wá.

A kó wá sí Moncalieri, mo ṣiṣẹ́ nínú magazzino, ilé tí wọ́n ń kó ọjà pamọ́ sí. A tún kó wá sí Collegno, wọ́n sì gbà mí láti máa nu ilẹ̀ ní palaghiaccio, ilé ńlá tí wọ́n ti ń ṣe eré orí yìnyín. Nítorí pé kò sẹ́ni tí mo lè fi ọmọ sí lọ́dọ̀, mo máa ń mú un lọ síbi iṣẹ́ bó bá ti jáde iléèwé. Á jókòó sórí àga àwọn òǹwòran, á ká ara rẹ̀ jọ sínú jákẹ́ẹ̀tì bàbá rẹ̀.

Signor Beppe ló ń wa màṣíìnì tó ń da omi sílẹ̀ láti fi dán yìnyín nígbà náà. Bàbá àgbà ni, eékún ń dùn ún, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Ó wo Tófúnmi lọ́sẹ̀ kan, ó wò ó lọ́sẹ̀ kejì, nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta ó gbé bàtà onírin kan fún un. Àwọn ọmọbìnrin tó ń gbá họ́kì níbẹ̀ fi í sí ẹnu góòlù, torí pé ibẹ̀ ni kò sẹ́ni tó fẹ́ dúró sí. Ta ni inú rẹ̀ máa ń dùn sí kí wọ́n máa fi nǹkan le bí òkúta sọ òun?

Mo ń nu ilẹ̀ yàrá ìmúra lọ́wọ́ ni mo gbọ́ ohùn kan. "A destra! Copri, copri! Ma che fate, dormite?" Mo fi mọ́ọ̀bù sílẹ̀, mo sáré jáde. Ọmọ mi ni! Ọmọ mi tí kì í fọhùn ló ń pariwo mọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀ pé ṣé wọ́n ń sùn ni! Mo pe màmá mi lójú ẹsẹ̀.

"Màmá, Tófúnmi ń pariwo o!"

"Ta ló nà án?"

"Kò sẹ́ni tó nà án. Òun ló ń pariwo mọ́ àwọn ẹlòmíràn."

"A! Olúwa, mo dúpẹ́," ni wọ́n wí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin.

Èmi náà kọ́ iṣẹ́ tèmi. Nígbà tí eékún Signor Beppe kò gba màṣíìnì mọ́, mo ní kí wọ́n gbé e fún mi. Àwọn ọkùnrin tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mo gùn ún, mo wà á yípo, mo sì dán igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin débi pé ọ̀gá wa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wo ojú ara rẹ̀ nínú yìnyín náà. Láti ọjọ́ náà, èmi ni wọ́n ń pè. Bí mi ò bá débẹ̀, kò séré. Mo mọ iṣẹ́ mi, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dín in kù fún mi.

Tófúnmi ti pé ọmọ ogún ọdún báyìí. Ó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa títọ́jú egungun àti iṣan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan nítòsí wa. Kékeré ni mo wí, kì í ṣe àsọdùn: bí o bá sín lẹ́nu géètì, ẹni tó wà nínú ọgbà lẹ́yìn á kí ọ pé "Salute!" Kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí ní ẹgbẹ́ họ́kì àwọn obìnrin, Tófúnmi ni aṣọ́lé wọn, òun náà sì ni ọ̀gá wọn lórí pápá. Lórí yìnyín tí mo ṣe ni wọ́n ti ń gbá a.

Àmọ́ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ń tán lọ. Àwọn ọmọ ń lọ sí yunifásítì ńlá, ẹja ńlá sì ń gbé kékeré mì. Mo rí i láti orí màṣíìnì mi. Ẹgbẹ́ tó wá gbá họ́kì lọ́dọ̀ wa lọ́dún kan pẹ̀lú ọmọ ogún, lọ́dún kejì wọ́n á jẹ́ méjìlá, lọ́dún kẹta wọ́n á fi lẹ́tà ránṣẹ́ pé àwọn ò wá mọ́. Òfin tuntun tí wọ́n ṣe fún eré náà sì ní ẹgbẹ́ tí kò bá ní orúkọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kò lè bá wọn díje. Mẹ́sàn-án ni tiwa. Lẹ́yìn Àjíǹde, direttrice, ìyẹn ọ̀gá àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì, kọ̀wé sí àwọn ọmọ pé bí wọn ò bá pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí oṣù Karùn-ún tó parí, òun máa tú ẹgbẹ́ náà ká.

Tófúnmi ka lẹ́tà náà nínú ilé ìdáná. Ó ní ó ti parí: "È finita, mamma." Ó wọ yàrá rẹ̀ lọ. Fún ọjọ́ mẹ́ta, "Sì" àti "No" nìkan ni mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo ti gbé pẹ̀lú ìdákẹ́ yẹn rí, mo mọ bó ṣe ń wọlé, mi ò sì fẹ́ kó padà wá bá ọmọ mi.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, mo sọ ọ́ fún àwọn ará ìjọ wa. Mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Ìyá Ìbejì, tí wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ilé wa, torí pé àwọn ìbejì wọn wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan náà.

Wọ́n ní, "Kí Táyé àti Kẹ́hìndé mi máa fi igi lé nǹkan kiri lórí yìnyín? Tí eyín bá ká, ṣé ìwọ lo máa wá ọkọ fún wọn?"

Mo ní, "Ẹ̀yin mà, eyín Tófúnmi pé."

"Eyín pé. Ọkọ ńkọ́?"

Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ inú mi kò dùn. Bàbá Díákónì, tó dàgbà jù nínú wa, gbé ọwọ́ sókè. Wọ́n ní, "Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ orúkọ. Obìnrin tó kọ̀wé ni ká lọ bá. Ẹ̀bẹ̀ ló gbà. Ẹ̀bẹ̀ là ń bẹ òṣìkà kó tú ìlú rẹ̀ ṣe." Gbogbo wa ṣe àmín sí i. Kò sí ẹni tó béèrè bóyá Òyìnbó mọ irú ẹ̀bẹ̀ tiwa.

Ní Tuesday, àwa mẹ́rin lọ. Segreteria, ọ́fíìsì kọ́lẹ́ẹ̀jì, ti bá wa fi àkókò sílẹ̀. Bàbá Díákónì wọ agbádá, Ìyá Ìbejì gbé ike ńlá kan tó kún fún ṣinṣin dání, èmi àti ìyàwó Bàbá wọ ìró àti bùbá. Direttrice dìde, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó na ọwọ́ sí Bàbá pé kí wọ́n jọ bọ ọwọ́. Bàbá Díákónì wo ọwọ́ náà, wọ́n gbá agbádá sẹ́yìn, ni wọ́n bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Àwa obìnrin kúnlẹ̀ lẹ́yìn wọn.

Yéè! Obìnrin náà figbe ta. "Oddio, sta male! Chiamate l'ambulanza!" Ó rò pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló gbé Bàbá ṣubú. Ó sáré jáde, àwọn òṣìṣẹ́ sáré wọlé, ẹnì kan gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń jí ọkàn dání. Bàbá Díákónì wà ní ìdọ̀bálẹ̀, wọ́n ń bá wa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ láti orí kápẹ́ẹ̀tì: "Ẹ má dìde o. Wọn ò tíì dá wa lóhùn."

Àwa náà kò dìde. Báwo la ṣe máa dìde nígbà tí ẹni tí à ń bẹ̀ kò tíì ní ká dìde? Orúnkún ń ro mí, Ìyá Ìbejì sì ti ń sọ pé àfi bí obìnrin yìí bá ní ọkàn bí òkúta. Wọ́n lọ pe Tófúnmi wá láti kíláàsì. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ìyá rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, ó wo Bàbá Díákónì nílẹ̀, ó fọwọ́ bojú.

"Mamma! Ma che figura!"

Ó wá yíjú sí direttrice, ó ṣàlàyé fún un pé ara Bàbá le, ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀, wọn ò sì ní dìde àfi bó bá sọ fún wọn. Obìnrin náà fi ọwọ́ di àyà mú. Ó ní, "Alzatevi! Per carità, alzatevi!" A dìde. Bàbá Díákónì gbọn agbádá wọn, wọ́n ní, "Grazie, dottoressa," bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Nígbà tí ọkàn obìnrin náà balẹ̀, ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín tí omijé fi ń jáde lójú rẹ̀. Ó jẹ ṣinṣin. Ó tún jẹ òmíràn. Ó ní òun kọ́ ló ṣe òfin mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, òun ò sì lè yí i padà. Àmọ́ àwọn òbí yòókù, e-mail ni wọ́n fi ń bú òun, kò tíì sí ẹni tó wá síwájú òun báyìí rí. Ó ní bí mo bá ní ọ̀rọ̀ láti sọ, kí n wá bá consiglio, ìyẹn ìgbìmọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì, sọ ọ́ ní Thursday.

Tófúnmi kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi délé. Ojú ń tì í. Mo jẹ́ kí ojú máa tì í. Ẹni tó bá fẹ́ràn ọmọ kò lè máa ro ti iyì orúnkún.

Ní Thursday mo dúró síwájú wọn. Mo ti ronú títí lórí màṣíìnì mi fún ọjọ́ méjì. Mo sọ fún wọn pé èmi ni mò ń ṣe yìnyín, èmi ni mò ń nu yàrá ìmúra, mo sì mọ ohun tí wọn ò mọ̀. Àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì kan láti Padova wá gbá họ́kì lọ́dọ̀ wa nígbà òtútù, mẹ́jọ péré ni wọ́n. Ibà ń ṣe ọ̀kan nínú wọn, ó ń gbọ̀n, síbẹ̀ ó wọ bàtà, nítorí kò sí ẹni tó máa dípò rẹ̀. Àwọn náà ti fẹ́ tú ká. Mo ní, "Níbi tí mo ti wá, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ọwọ́ àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹ̀yin ní mẹ́sàn-án, àwọn ní mẹ́jọ. Kí lẹ ń dúró dè?"

Wọ́n wo ara wọn. Direttrice pe Padova lórí fóònù ní ọjọ́ kejì, ọ̀rọ̀ náà sì wọ̀ wọ́n létí. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi yanjú rẹ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré méjì, ẹgbẹ́ kan. Inú mi dùn, mo ń rìn bí ọba nínú palaghiaccio. Èmi, obìnrin tó ń da omi sílẹ̀!

Àfi ìgbà tí wọ́n sọ èyí tó kù. Òfin ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ṣoṣo ni gbogbo orúkọ gbọ́dọ̀ wà. Padova ló ní yìnyín tó ṣófo láràárọ̀, Padova ló ní ibùsùn fún àwọn ọmọ. Àwọn tiwa tó bá fẹ́ máa gbá a nìṣó ní láti kó lọ síbẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án, kí wọ́n parí ẹ̀kọ́ wọn níbẹ̀. Nínú mẹ́sàn-án, méjì ò lè lọ rárá. Mẹ́fà ní àwọn máa lọ. Mẹ́jọ àti mẹ́fà, mẹ́rìnlá. Gbogbo wọn yíjú sí Tófúnmi.

Ó dé ilé lọ́jọ́ yẹn, ó bọ́ bàtà, ó ní òun ò lọ: "Non vado."

Mo ní, "Kí ló dé?"

"E tu? Con chi resti?" Ó ń béèrè ẹni tí mà á wà lọ́dọ̀ rẹ̀ bí òun bá lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, torí pé kò sí ìdí tí mo fi máa purọ́. Inú mi dùn. Kí ẹgbẹ́ tú ká bó bá fẹ́ tú ká, ọmọ mi ò ní fi mí sílẹ̀. Mo se ìrẹsì, mo fi ẹran tó pọ̀ jù sí tirẹ̀. Ó jẹun, ó ní, "Grazie," ó sì dákẹ́. Mo ń wò ó tó ń jẹun pẹ̀lú ìdákẹ́ yẹn, mo sì ti àwo tèmi sí ẹ̀gbẹ́ kan. Èmi ni mo ń bẹ̀rù ìdákẹ́, èmi náà ni mo tún fẹ́ fi ọwọ́ ara mi gbé e jókòó sórí àga.

Ní Saturday, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo pe màmá mi. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Ṣé o rántí ọjọ́ tí o lọ?"

Mo rántí dáadáa. Mo kúnlẹ̀, mo ń sunkún, Tófúnmi dúró lẹ́yìn mi, màmá mi sì ń gbá ilẹ̀. Wọ́n súre fún mi pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n ní kí n máa lọ kí oòrùn tó mú. Mo ti di ọ̀rọ̀ yẹn sínú láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá. Mo rò pé kò dùn wọ́n.

Wọ́n ní, "Ilẹ̀ yẹn ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Mo ti gbá a láàárọ̀. Bí o bá rí ojú mi lọ́jọ́ yẹn, o ò ní lọ mọ́. Nígbà tí ọkọ̀ yín ṣí, mo wọ yàrá, mo sì sunkún títí alẹ́ fi lẹ́. Má sọ fún àbúrò rẹ."

Wọ́n tún ní, "Ọmọ yẹn ń wo ojú rẹ. Tọ́jú ojú rẹ."

Nígbà tí Tófúnmi wọlé, mo ti wẹ̀, mo ti kun àtíkè. Mo ní, "O máa lọ."

"Mamma, e tu?"

"Èmi kẹ̀? Mo ní iṣẹ́ mi. Mo ní ìjọ mi. Mo ní Ìyá Ìbejì tí wọn ò ní jẹ́ kí n gbádùn. Obìnrin mẹ́rìnlá ló ń dúró dè ọ́, o jókòó síbí, ò ń bi mí ní ìbéèrè òpònú. Lọ sọ fún wọn pé wọ́n ti pé."

Ó wo ojú mi títí. Mo jẹ́ kó wò ó. Ó wá dì mọ́ mi, ó ń sunkún, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń sọ̀rọ̀, mi ò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo rí. Gbogbo eré tí wọ́n máa gbá, gbogbo ìlú tí wọ́n máa dé. Mo ń dá a lóhùn pé "Ẹn-hẹ́ẹ̀n. Ẹn-hẹ́ẹ̀n." Mi ò jẹ́ kí omi kankan bọ́.

Ó lọ ní oṣù Kẹsàn-án. Mo bá a gbé báàgì dé ibùdókọ̀ ojú irin, mo súre fún un, mo dúró títí ọkọ̀ fi lọ. Wọ́n pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún géérégé, orúkọ wọn sì ti wọ ìwé.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo pe Ògbómọ̀ṣọ́.

"Màmá, Tófúnmi ti lọ o."

"Ṣé ó jìnnà?"

"Bíi wákàtí mẹ́ta, nínú ọkọ̀ ojú irin."

"Ìyẹn náà lò ń pè ní jìnnà?" Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Láti ọjọ́ tí mo ti dé ilẹ̀ yìí, kò sí ìgbà tí mo pè tí wọn ò kí mi pé "Kú àjò o." Ó ti tó ọdún mẹ́rìndínlógún. Ó ti mọ́ mi létí débi pé mi ò gbọ́ ọ mọ́. Lọ́jọ́ yẹn, tó jẹ́ ọmọ tèmi ló wà lájò, màmá mi ní:

"Kú ilé o, ọmọ mi."

Ẹnu mi dá wọn lóhùn kí n tó ronú.

"Ẹ káàbọ̀, mà."